Ilá Tí Wọ́n Hú ní Springfield Gardens

"Ta ló fọwọ́ kan ebè mi?"

Ìyábọ̀dé ò tíì wọ inú ọgbà tán tó fi bèèrè. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì di irin géètì mú, èkejì gbá báàgì oúnjẹ mọ́ra. Láti ẹnu géètì náà ló ti rí i. Ebè onípákó méjìlélógún ló wà nínú ọgbà tí àwọn ará àdúgbò jọ ń lò ní Springfield Gardens yìí, ní Queens, nílùú Niú Yọ́ọ̀kì. Tirẹ̀ ni ìkẹsàn-án, lẹ́bàá ògiri, níbi tí oòrùn máa ń pẹ́ sí jù. Lọ́sàn-án àná, igi ilá mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀. Ní báyìí, ilẹ̀ dúdú lásán ni. Wọ́n ti fi réèkì ha á, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Susan, akọ̀wé ọgbà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbójú sókè láti ìdí igi rósì tó ń gé. "Màmá Bọ̀dé, káàsán o! Ṣé o rí bí a ṣe bá ẹ tún ibẹ̀ ṣe?" Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó ń retí ọpẹ́.

"Ta ló bẹ̀ yín?"

Bàálù kan ń bọ̀ nílẹ̀ nílẹ̀, ó ń lọ balẹ̀ sí JFK, ariwo rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìyábọ̀dé ò bínú sí bàálù. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé ládùúgbò yìí, ó ti mọ bí a ṣe ń dúró dè wọ́n. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó jẹ́ kó kọjá tán, ó wá tún un sọ: "Mo ní, ta ló bẹ̀ yín?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe obìnrin yìí ní oníjà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, arúgbó tó ju òun fúnra rẹ̀ lọ ló ń tọ́jú ní Jamaica, àdúgbò kan nítòsí, fún owó oṣù. Nínú ọgbà yìí, òun ló máa ń há ẹ̀fọ́ fáwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ọdún yìí yàtọ̀. Ojú ọjọ́ ya wèrè ní Niú Yọ́ọ̀kì. Oṣù karùn-ún tó yẹ kí ilẹ̀ ti móoru, òjò tútù ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rọ̀. Ilá tó kọ́kọ́ gbìn jẹrà sínú ilẹ̀. Ó kó gbogbo irúgbìn tó kù nínú ìgò, ó tún un gbìn nínú oṣù kẹfà, kò ṣẹ́ hóró kan kù sílé. Oṣù kẹwàá parí láìsí ẹ̀kán òjò kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló fi ń pọn omi. Oṣù kọkànlá wá dé, tó yẹ kí ìrì dídì ti pa gbogbo ewé, àwọn èèyàn ń fi aṣọ péńpé rìn ní títì, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, rósì ń tanná. Bí ilá Ìyábọ̀dé ṣe pẹ́ kó tó hù, bẹ́ẹ̀ náà ló pẹ́ kó tó so. Èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ni kò ká. Ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí igi kí wọ́n gbó, kí wọ́n gbẹ, kí wọ́n di irúgbìn. Lójú ẹni tí kò mọ̀, igi gbígbẹ ni wọ́n. Lójú ẹni tó mọ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló so rọ̀ síbẹ̀.

Ìyẹn ló ṣe dìde níbi mítìn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, nígbà tí Túbọ̀sún, alága ọgbà, ní Sátidé kẹta ni gbogbo ebè gbọ́dọ̀ mọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé òfin ọgbà.

"Kàlẹ́ńdà ò gbin nǹkan kan rí," ni Ìyábọ̀dé wí lọ́jọ́ náà. "Ìrì dídì ló ń ti oko pa níbí. Ìrì dídì ò tíì dé. Èwo ni ìkánjú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi ẹnu kò: ẹni tó bá ní ohun tí kò tíì ṣetán, kó fi àmì sí i. Ohun tó bá ti ní àmì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Susan kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mo fi àmì sí i," ni Ìyábọ̀dé ń wí báyìí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè. "Lánàá ni mo fi sí i, kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

Susan bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Àmì wo? Tèmi, rìbọ́ọ̀nù ni mo so mọ́ ọn. A wo tìrẹ, a ò rí rìbọ́ọ̀nù kankan."

Albert ló dáhùn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rún igi àti koríko. "Bàtà jíjẹrà kan ni mo bá níbẹ̀," ló wí, "àti àkísà pupa kan, àti ṣùkù àgbàdo. Ẹnì kan so gbogbo ẹ̀ mọ́ igi kan láàárín ebè. Mo rò pé àwọn ọmọ àdúgbò ló wá ju ìdọ̀tí sọ́dọ̀ yín."

"Ìyẹn ni àmì náà!"

Albert lanu. Ìyábọ̀dé ò sì lè bínú sí i. Níbo ló ti fẹ́ mọ ààlè? Ní Igbó-Ọrà, níbi tí wọ́n ti bí Ìyábọ̀dé, igi ìdáná lè wà lẹ́bàá ọ̀nà fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹlẹ́rù bá ti so bàtà àlòkù tàbí àkísà mọ́ ọn, ó parí. Àjèjì á rí i, á yà fún un. Ọmọdé á rí i, á sá. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí àgádágodo. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀wé, ààlè sì ni ìwé tí ìyá rẹ̀ ń kọ, gbogbo ayé ló ń kà á. Lánàá, nígbà tí Ìyábọ̀dé ń so bàtà yẹn, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti pààlè gbẹ̀yìn. Ó sì mọ̀ pé bí àwọn tó kù ò bá lè kà á, ẹnì kan wà tó lè bá wọn kà á.

Albert ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. "Mo tiẹ̀ bi Túbọ̀sún, mo ní, ṣé kì í ṣe ti Màmá nìyí, torí ibì kan náà lẹ ti wá. Ó ní ìdọ̀tí ni, Màmá ti ṣe tán, kí n fà á tu. Kódà kò sún mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà yàrá irinṣẹ́ lọ́hùn-ún ló dúró sí títí mo fi kó o tán."

Afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ wá láti ìhà àríwá, ó gbá ewé ká ilẹ̀. Àwọn rédíò ti ń pariwo rẹ̀ láti òwúrọ̀: ooru ti parí o, lóru òní ni ohun gbogbo máa dì.

Túbọ̀sún jáde láti yàrá irinṣẹ́, agolo omi lọ́wọ́. Ọkùnrin ọdún márùndínláàádọ́ta, ó ń ṣiṣẹ́ ẹrù nílé-iṣẹ́ bàálù, díkínì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Jamaica. Nígbà tó rí bí gbogbo wọn ṣe ń wò ó, ó gbé agolo sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láàárín ara wa," ló wí lédè Yorùbá, wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọn ò kúkú gbọ́ Yorùbá. Kí lo ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò tíì bínú. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi ọ́. Kí lo rí lórí ebè mi láàárọ̀ yìí?"

Túbọ̀sún fọwọ́ pa orí. "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bàtà! Àkísà pupa! Ṣọ́ọ̀ṣì wa ò fàyè gba irú ẹ̀. Díkínì ni mí, mà."

"Díkínì! Mo ti ń gbórin nínú Mẹ́tọ́díìsì kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ. Bàtà tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni, ó ti lu nídìí. Àkísà yẹn, búláòsì Doyin ọmọ mi ni. Àgbàdo, èmi ni mo jẹ ẹ́. Oògùn wo lo rí níbẹ̀?"

"Bí kì í bá ṣe oògùn, kí ló dé tó fi ń dẹ́rù bani?"

"Ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan oní-nǹkan ló ń dẹ́rù bà!"

Bàálù mìíràn tún kọjá. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn títí ó fi lọ. Nígbà tí ohùn Ìyábọ̀dé tún jáde, ó ti rẹlẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù.

"Túbọ̀sún, gbọ́ mi. Bó o bá rò pé ìdọ̀tí ni, ọwọ́ ara rẹ lo ò bá fi kó o. Bó o bá sì rò pé oògùn ni, o wá rán ọmọ ọlọ́mọ sí i? Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?"

Albert, tí kò gbọ́ nǹkan kan ju orúkọ lọ, àmọ́ tó rí ẹ̀rù lójú Túbọ̀sún, ti ń yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò. "Ṣé nǹkan kan máa ṣe mí ni?"

"Kò sóhun tó máa ṣe ọ́, Albert," ni Ìyábọ̀dé fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. "Bàtà ni. Òórùn rẹ̀ nìkan ló lè pa ọ́."

Susan sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, a ti ṣì í, má bínú. Màá ra irúgbìn ilá fún ẹ lọ́la. Páálí rẹ̀ kún ilé ìtajà, oríṣi mẹ́rin ni mo rí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àánú ni, àmọ́ òun gan-an ló mú kí omi lé ròrò lójú Ìyábọ̀dé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé? Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú ló bu ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn yìí láti ẹ̀yìn ilé wọn, ó so ó mọ́ etí ìró. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí ilá náà dé Queens, kò so rárá. Ó ń dúró de oòrùn Igbó-Ọrà títí òtútù fi pa á. Lọ́dún kẹta, igi kan ṣoṣo so ilá méjì kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Méjèèjì ni kò jẹ. Ó fi wọ́n ṣe irúgbìn. Láti ọdún yẹn, èyí tó bá yára so ló ń tọ́jú, ọdún kan tẹ̀lé òmíràn, fún ọdún mọ́kàndínlógún, títí ilá náà fi mọ ojú ọjọ́ ibí ju ẹlòmíràn tó ní páálí ìwé ìgbélùú lọ. Ilé epo ló sì wà lórí ilẹ̀ ìyá rẹ̀ báyìí. Kò sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ lọ bù ú mọ́.

"Kò sí èyí nínú páálí, Susan," ni gbogbo ohun tó rí sọ. "Níbo lẹ kó igi náà sí?"

Albert wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "A ti rún un."

"Èérún rẹ̀ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn. Susan ló na ọ̀bẹ ìgé-òdòdó rẹ̀ sí ebè kẹta, tó wà lẹ́nu géètì, tí wọ́n ti fi èérún koríko tuntun bò, tó nípọn bí ìbùsùn. Ebè Túbọ̀sún ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbin aáyù síbẹ̀, ó sì fẹ́ kí ohun kan bò ó kí òtútù tó dé.

Ìyábọ̀dé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ó fi ilá mi da aṣọ bo aáyù rẹ̀! Kòkòrò tó ń jobì, inú obì náà ló kúkú ń gbé."

Kò bèèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kẹta pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wa èérún náà sọ́tọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ ẹ sórí báàgì oúnjẹ rẹ̀, ó ń wò ó. Hóró ilá tó gbẹ le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ lè fọ́ èèpo, kó má rí hóró pa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ́n omi sórí èérún náà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Hóró tó ti mu omi, bí òtútù òru bá bá a níbẹ̀, á dì, á bẹ́, á kú. Aago mẹ́ta ti kọjá. Ní wákàtí kan àbọ̀ sí i, ilẹ̀ á ti ṣú.

Túbọ̀sún dúró lórí rẹ̀. "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, òtútù ilẹ̀ yìí ò dáa fún orúnkún yín. Mo bẹ̀ yín. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

"Mo gbọ́." Kò gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lo fi pe nǹkan mi ní ìdọ̀tí. Gẹ̀ẹ́sì náà ni kó o fi kó o kúrò nílẹ̀."

"Mà?"

"Àwọn méjèèjì tó ò ń wò yẹn rò pé arúgbó kan tó ń kó bàtà jíjẹrà kiri ni mí. Ìwọ lo sọ mí dà bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Sọ fún wọn."

Túbọ̀sún kojú sí Susan àti Albert, ó wú ikọ́. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, ó dà bí ẹni pé àṣìgbọ́ díẹ̀ wáyé láàárọ̀, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀.

"Àṣìgbọ́!" Èérún fò lọ́wọ́ Ìyábọ̀dé. "Ta ló gbọ́, ta ló ṣì í? Ṣé nǹkan kan kàn dìde fúnra ẹ̀ ló hú ilá mi? Túbọ̀sún, bó o bá fi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì bá mi sọ̀rọ̀, màá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́la, màá jókòó sí ìjókòó iwájú, màá sì sọ ọ́ síbẹ̀."

Nígbà tí ọkùnrin náà tún sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

"Mo mọ ohun tó jẹ́," ló wí fún wọn. "Ààlè là ń pè é. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan yìí lólówó, ẹ fi sílẹ̀. Bàbá mi àgbà máa ń so ó mọ́ igi ọsàn. Ẹ̀rù bà mí. Ojú sì tì mí, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bi mí ní kí ni wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ wa. Mo wá pè é ní ìdọ̀tí, mo sì ní kí Albert fà á tu torí mi ò fẹ́ fọwọ́ ara mi kàn án."

Albert sọ ọ̀rọ̀ kan tí a ò gbọdọ̀ kọ síbí. Susan bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ rí Túbọ̀sún dáadáa.

"Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ níbi mítìn," ló wí. "Ohun tó bá ní àmì. A ò kọ ọ́ pé rìbọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ni. O mọ̀, o sì jẹ́ kí n dúró síbí kí n máa retí kí obìnrin yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wá kúnlẹ̀ ní òdìkejì ebè. Albert ò lè kúnlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó lé e. "Báwo ni hóró náà ṣe rí?" ló bèèrè. Ìyábọ̀dé fi àkọ́kọ́ tó rí hàn wọ́n: roboto, dúdú bí ojú ẹyẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣà á nìyẹn. Òtútù ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka wọn ń kú. Èérún ń dọ̀tí ẹ̀wù, aáyù Túbọ̀sún ń tú jáde lọ́tùn-ún lósì, kò sì sẹ́ni tó bá a kẹ́dùn. Òun náà ti kúnlẹ̀ ní igun kan, kò sọ nǹkan kan mọ́. Nígbà mìíràn Susan á kígbe, "Ọ̀kan rèé!" á tún jẹ́ òkúta. Ilá mọ́kànlá, hóró tó yẹ kó kún ìgò. Hóró mọ́kànlélógún ni àwọn mẹ́ta rí, Ìyábọ̀dé sì dì í sínú aṣọ ìnujú rẹ̀, ó fi sí àyà níbi tó móoru.

Nígbà tí iná òpópónà tàn, Susan ní ojú òun ò ríran mọ́. Albert ti ń wá kọ́kọ́rọ́ géètì. Túbọ̀sún ló dìde kẹ́yìn. Ó wá síwájú Ìyábọ̀dé, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kejì gbé e ró bí ọmọdé ṣe ń fún àgbà ní nǹkan. Hóró mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó ti nu ìdọ̀tí kúrò lára wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ìyábọ̀dé wò ó. Ó tó ìgbà tí bàálù kan dé tí òmíràn sì ń bọ̀, ó ṣì ń wò ó. Kò nawọ́ gbà á.

"Gbé e lọ sílé," ló wí. "Tẹ́ ẹ sórí ìwé, má gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ amúlémóoru. Lóṣù karùn-ún, bí ilẹ̀ bá ti móoru, kì í ṣe bí kàlẹ́ńdà bá ti pé, orí ebè rẹ ni wàá gbìn ín sí, lẹ́nu géètì níbí, níbi tí gbogbo èèyàn á ti máa rí i. Èyí tó bá kọ́kọ́ so, o ò ní jẹ ẹ́. Wàá dúró tì í títí á fi gbẹ. Kí gbogbo wọn máa bi ọ́ pé kí ni igi gbígbẹ yẹn ń ṣe níbẹ̀, kí ìwọ náà máa dá wọn lóhùn."

"Mo gbọ́, mà." Ó rọra pa ọwọ́ dé mọ́ hóró náà. "Ẹ ṣé, Màmá. Ọlọ́run á bù kún yín. Ó tán nínú yín nìyẹn, àbí? Ẹ ti dárí jì mí?"

Ìyábọ̀dé gbọn èérún kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ilá ni mo fún ọ."